Ṣé èébú ni "àfarawé"?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbo:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà Yorùbá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí "Ọjọ́ kan ní ọjà". Ọmọ kọ tirẹ̀, ó kún ojú ìwé méjì. Nígbà tí ìwé padà wálé, báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Àfarawé! 4/10." Ọmọ sunkún títí. Ó ní tíṣà pe òun lólè níwájú kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ní àfarawé kì í ṣe olè, pé wọ́n yìn ín ni. Ta ni ká gbà gbọ́? Kí ni àfarawé gan-an, kí la sì ń pe kéèyàn wo iṣẹ́ oníṣẹ́ kó kọ ọ́ sínú tirẹ̀?

———

Oníwèé, Sábó:

Bàbá wọn gba ọ̀nà tó tọ́, àmọ́ wọn ò tíì débẹ̀. Àfarawé kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi 4/10 yin ọmọ? Tíṣà mú ọ̀rọ̀ kan síbi tí òmíràn yẹ kó wà ni, ọmọ ló wá jìyà rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe fótókọ́pì, tí mo ń tẹ ìwé fún èèyàn ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ni mo fi ń jẹun, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń kó gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sínú àpò kan.

Fara wé: fi ara wé. O gbé ara rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, o ń gbìyànjú kí ẹ lè dọ́gba. Ara ló wà níbẹ̀, ìwà ló wà níbẹ̀, kò sí ti ìwé kíkọ níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi lè fi í sẹ́nu Pọ́ọ̀lù nínú Kọ́ríńtì kìíní, orí 11: "Ẹ máa ṣe àfarawé mi, àní gẹ́gẹ́ bí èmi ti ń ṣe àfarawé Kristi." Bó bá jẹ́ pé olè ni, ṣé Pọ́ọ̀lù á ní ká máa jalè bíi tòun ni? Bíbélì yẹn parí ní 1884. Crowther ló ṣíwájú iṣẹ́ náà, òun tó gbé Àgbádárìgì ní 1845 kó tó rí ọ̀nà dé Abẹ́òkúta. Ọmọ Yorùbá ni, èdè ìyá rẹ̀ ló ń kọ. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tí tíṣà fẹ́ kọ, bí mo bá mọ̀ ọ́n, àdàkọ ni. Bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, ẹ̀yin lẹ ní ìwé náà lọ́wọ́. Ẹ bá wa wò ó.

———

Bàbá Ọlọ́jà, Ẹ̀pẹ́:

Oníwèé, ẹ má fi Bíbélì bò wá lójú. Ní àdúgbò tiwa, bí wọ́n bá ní "o ń fara wé lágbájá", èébú ni. Àwọn àgbà tó ní ọmọ tó láṣọ bí àgbà kò lè lákìísà bí àgbà, kí ni wọ́n ń bá wí bí kì í bá ṣe àfarawé?

———

Oníwèé, Sábó:

Bàbá, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ̀yin nìkan sì kọ́ lẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ránṣẹ́ sí mi látàárọ̀. Ẹnì kan mú aago aláago wá, òmíràn ní "ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣápọ̀n". Ohun tí gbogbo yín ń sọ ni pé àfarawé ló ń kó èèyàn sí gbèsè, ló ń jẹ́ kí ìyàwó ilé máa wo aṣọ aládùúgbò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo òwe àkísà yẹn dáadáa. Kò bá ọmọ wí pé ó wọṣọ. Ó bá a wí pé ó rò pé aṣọ ló sọ òun di ẹgbẹ́ àgbà. Àkísà ni ọdún tí àgbà ti lò, kò sí bí ọmọ ṣe lè rà á lọ́jà. Ẹni tó bá sọ pé "èmi àti ẹ ti dọ́gba", ó ti fi ara rẹ̀ wé ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí obìnrin méjì bá ń jà nídìí ẹ̀rọ omi, tí ọ̀kan ní "má fara ẹ wé mi o!", kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ń sọ pé wọ́n da iṣẹ́ òun kọ. Ohun tó ń sọ ni pé o kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí: "Ọmọ yìí ń fara wé ìyá rẹ̀ nínú iṣẹ́ ṣíṣe." Ṣé ẹnì kan máa bínú? Ìyá gan-an á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Ohùn tí a fi sọ ọ́ àti ẹni tí a fi ara wé ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìwé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sí ohùn. Báírò pupa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì ìyanu àti 4/10. Báwo ni kó ṣe mọ èyí tí wọ́n ń sọ? Ibi tí mo ti ń bá tíṣà náà wí nìyẹn, kódà bó bá jẹ́ pé ọmọ jẹ̀bi.

———

Oníwèé, Sábó:

Àbúrò kan ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹ̀dà, àdàkọ àti ayédèrú, pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ "kọ́pì". Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí, torí iṣẹ́ mi ni.

Ẹ̀dà ni ohun tó ń jáde lára ẹ̀rọ mi. Oníbàárà kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀. "Ẹ bá mi ṣe fótókọ́pì mẹ́ta" ni wọ́n ń sọ. Àwọn bàbá tó ń du owó ìfẹ̀yìntì ló ṣì ń sọ pé "ẹ bá mi yọ ẹ̀dà méjì". Ẹ kíyè sí àmì orí rẹ̀. Ẹ̀dá tó ní àmì òkè ni ohun tí Olódùmarè dá. Ẹ̀dà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni ohun tó jáde lára òmíràn. Àmì kékeré kan ló wà láàárín méjèèjì! Ìdí nìyí tí mi ò kì í jẹ́ kí iṣẹ́ Yorùbá jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láìní àmì, bí oníṣẹ́ tilẹ̀ ń kánjú. Bí o bá kọ "eda" lásán, ta ló máa mọ̀ bóyá o dá a ni tàbí o rí i lára ẹlòmíràn? Àwọn onímọ̀ èdè náà ń lo ẹ̀dà. Ẹ wo "nílé" àti "lọ́jà": ọ̀rọ̀ kan náà, "ní", ló di n níbi kan, tó di l níbòmíràn. Ẹ̀dà fóníìmù kan náà, ìyẹn ìró kan tó ní ọ̀nà méjì tí à ń gbà pè é, ni wọ́n ń pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó pe ọ̀kan ní olè.

Àdàkọ, ọwọ́ ló ń ṣe é. Bí mo ṣe ń rí i lọ́kàn mi, bí ẹni tó ń da omi láti inú igbá kan sínú òmíràn ni. Igbá yàtọ̀, omi ò yàtọ̀. Ẹni tó ń dà á kò tilẹ̀ nílò kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Mo mọ àwọn èèyàn tó lè da ojú ìwé mẹ́wàá kọ láìmọ ohun tó wà nínú ọ̀kan.

Ṣáájú ẹ̀rọ fótókọ́pì, bébà kábọ̀n la fi ń gba ara wa lọ́wọ́ àdàkọ. A máa ń kó bébà márùn-ún sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á rí bàìbàì bí ohùn ẹni tó ń ṣàìsàn. Lẹ́tà c méjì tí ẹ ń rí nínú íméèlì lónìí, ibẹ̀ ló ti wá: kábọ̀n ni ọ̀kan, kọ́pì ni èkejì. Ọ̀gbẹ́ni Chester Carlson tó hùmọ̀ ọ̀nà tí fótókọ́pì òde òní ń gbà ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé ní láti di púpọ̀ lójoojúmọ́, dídà á kọ sì sú u. Ní 22 oṣù kẹwàá 1938 ló rí àkọ́kọ́ yọ, ọjọ́ náà àti orúkọ àdúgbò tó wà ló kọ sórí rẹ̀. Ó di 1959 kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ Xerox 914 jáde fún àwọn ọ́fíìsì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń san owó fótókọ́pì lọ́dọ̀ mi, ẹ̀mí ẹni tí àdàkọ sú ni ẹ ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ó wá ku ayédèrú. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan gbé rìsíìtì ilẹ̀ wá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Ìkòròdú. Ó fẹ́ kí n yọ ọ́ ní aláwọ̀, lórí bébà tó ti ṣá díẹ̀, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ti gidi. Mo bi í pé ojúlówó dà. Ó ní ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, àwọn méjèèjì ò sì sọ̀rọ̀. Mo ní màá yọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n màá kọ ẸDÀ sí i lórí gàdàgbà. Ó bínú jáde.

Ẹ wò ó: ẹ̀rọ kan náà, bébà kan náà, yíǹkì kan náà. Kí ni ì bá sọ ìwé yẹn di ayédèrú? Ẹnu tó fẹ́ fi gbé e kalẹ̀ ni. Ẹ̀dà tó bá ní "ẹ̀dà ni mí", ẹ̀dà ni. Ẹ̀dà tó bá ní "èmi ni ojúlówó", ayédèrú ni. Èrú wà nínú orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ pàápàá ń yọ ẹ̀dà, wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ń jẹ́rìí pé ó bá ti inú fáìlì mu. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ayédèrú, torí kò fi ara rẹ̀ pe ohun tí kò jẹ́.

———

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé sísín jẹ. Bí ọmọdé bá ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ lẹ́yìn mi, tó ń yí ohùn, tó ń yínmú, àfarawé ni mo ń pè é. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà?

———

Oníwèé, Sábó:

Rárá o, àbúrò. Ẹni tó ń fara wé ọ fẹ́ dà bíi tìẹ. Ẹni tó ń sín ọ jẹ fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ àwọn tó ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ọmọdé lásán ni sísín jẹ. Ìlú yín ni òyìnbó arìnrìn-àjò Clapperton ti gúnlẹ̀ ní 1825, kó tó rìn dé Ọ̀yọ́ Ilé. Ní 1826, wọ́n gbé eré egúngún kalẹ̀ fún un láàfin. Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde, ó funfun bí ẹfun, ó rù kan egungun, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ó ń fín áṣáà, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, níwájú òyìnbó! Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òǹwòran ń bẹ òun pé kí òun wò ó dáadáa, pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn bíi tiwọn, pé òṣèré náà sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ ro bí òṣèré yẹn ṣe ti ní láti wo òyìnbó tó. Ó mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rọ̀. Ẹni tó ń da nǹkan kọ lè dijú ṣe é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sín ẹni tí kò wò fínnífínní jẹ. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọnà gidi.

———

Oníwèé, Sábó:

Kíá lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, torí ẹni mẹ́ta ló béèrè. Wíwo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ ẹni nínú ìdánwò, jíwèé wò ni, olè sì ni, ó wà nínú orúkọ: jí. Àwọn ọmọ ń pè é ní dọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá na ọrùn, wọ́n ní jíráàfù ni. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Èyí tó ní àríyànjiyàn ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé odidi ìwé wá pé kí n ṣe é ní fótókọ́pì láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn. Mo máa ń kọ̀, wọ́n sì máa ń bínú. Ọ̀kan sọ fún mi pé "ẹ̀tọ́ àdàkọ" (copyright ni òyìnbó ń pè é) ló wà nínú òfin, pé ẹ̀tọ́ láti dà á kọ nìyẹn! Orúkọ yẹn ló tàn án, mi ò bá a wí. Ẹni tó kọ ìwé ló ni ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe ẹni tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òfin 2022 tí Nàìjíríà ń lò báyìí fi ẹ̀tọ́ náà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé títí ayé rẹ̀, ó tún fi 70 ọdún kún un lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún àwọn tó jogún rẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi ni, "ẹ̀tọ́ oníṣẹ́" ni ǹ bá pè é, kó lè yé gbogbo èèyàn.

———

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbo:

Mo ti gbé àròkọ ọmọ mi àti ìwé kíkà Yorùbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ìwé kíkà wọn, wọ́n jí, wọ́n wọkọ̀, wọ́n bá èrò rẹpẹtẹ lọ́jà, wọ́n ra aṣọ, òjò lé wọn wálé. Ọmọ tèmi jí, ó wọkọ̀ lọ Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi tó ń ta ẹja. Ó kọ nípa àrọ̀ tó fò jáde nínú báàfù, obokún, akàn tí wọ́n fokùn dè. Ó kọ bí ìyá mi ṣe gbá ọwọ́ oníbàárà kan tó ń tẹ ojú ẹja. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bá ti ìwé mu pátá: "Ariwo ọjà gba gbogbo etí mi."

———

Oníwèé, Sábó:

Ìyá Ìbejì, orí mi wú. Ọmọ yín ò da nǹkan kan kọ àyàfi gbólóhùn kan. Àwòkọ́ṣe ló ṣe.

Ẹ tún bá mi wo àmì. Àwòkọ: wo, kọ. O wò ó, o kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòkọ́ṣe: wo, kọ́, ṣe. Ẹ̀kọ́ ti wọ àárín. Ìwé kíkà fi hàn án bí èèyàn ṣe ń to ọjọ́ ọjà: òwúrọ̀, ọkọ̀, ariwo, rírà, ìpadàbọ̀. Ó kọ́ títò náà, ó sì lọ to ọjà ìyá àgbà rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹ̀kọ́ bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Kí n tó ní ẹ̀rọ kankan, mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ A títí dé Z sórí páálí, ó ní kí n máa fi bébà fẹ́lẹ́ lé e, kí n máa tẹ̀lé ìlà rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta. Mo rò pé ó ń fi àkókò mi ṣòfò, mo sì sọ fún ìyá mi bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé páálí kúrò nílẹ̀, ó fún mi ní pátákó òfìfo, ó ní kí n kọ OMI TÚTÙ WÀ. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Lẹ́tà M mi fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, W mi sì fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní: "Ó wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ ni." Títí dòní, M mi ṣì fẹ̀. Bí mo bá kọjá níwájú pátákó tí mo kọ nígbà yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ náà. Ìyá kan fi ìyẹ́ adìyẹ kọ Ìbàdàndùn, pẹ̀lú òpó Mápó nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kọ ọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ ọ́. Bátànì kan náà, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kan lólè, torí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló tún un wò, tó tún un kọ́. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lókè òkun, tí wọ́n ń tà lórúkọ àdìrẹ, bátànì kan náà ló wà lára òun náà. Àmọ́ kò sí ẹ̀kọ níbẹ̀, kò sí aró, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Ẹ rántí ọkùnrin onírìsíìtì.

———

Bàbá Ọlọ́jà, Ẹ̀pẹ́:

Mo gbà fún yín lórí ti ọmọ. Gbólóhùn kan yẹn ńkọ́?

———

Oníwèé, Sábó:

Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀, bàbá. Àdàkọ ni gbólóhùn yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ kan sí i: àyọlò. O yọ ọ́, o lò ó, o sì fi àmì sí i kí gbogbo ayé mọ ibi tó ti wá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti kọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá níyẹn, kò gba ẹkún.

Ìyá Ìbejì, ẹ má lọ bá tíṣà jà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣí ìwé méjèèjì síwájú wọn, kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn náà. Kó sọ pé ibí yìí ni mo ti mú un, ìyókù jẹ́ tèmi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ pupa yẹn, kí wọ́n kọ "Ó tẹ̀lé àpẹẹrẹ" sípò rẹ̀. Máàkì, ọwọ́ wọn ló wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ mí lógún, torí ọmọ tí wọ́n bá pè lólè nítorí àwòkọ́ṣe lè má fẹ́ wo nǹkan kan kọ́ mọ́.

Ní Sátidé, ẹ mú ìwé rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Sábó. Màá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ pé pérépéré, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀dà méjì ni màá yọ: ọ̀kan fún tíṣà, ọ̀kan fún ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n kà á fún wọn nídìí ẹja.